Ta Ló Gé Ẹ̀wù Yìí?

“Ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni mo fẹ́ lára aṣọ mi o, ọ̀gá. Mi ò fẹ́ ọwọ́ ọmọọṣẹ́ kankan.”

Olùkọ́ àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó kó aṣọ tuntun sórí tábìlì, ó wá nawọ́ sí ẹ̀wù tó wọ̀. “Irú èyí tí ẹ gé fún mi lọ́dún tó kọjá yìí ni. Ẹ wo bí èjìká ẹ̀ ṣe jókòó.”

Aránṣọ àgbà fa aṣọ tuntun náà mọ́ra. Ọmọọṣẹ́ tí wọ́n ń wí náà wà nídìí ẹ̀rọ, ó tẹrí mọ́lẹ̀. Ọmọọṣẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì! Láti ọdún méjì tí ojú ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, òun ló ń gé gbogbo aṣọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá ń gba ìyìn, òun ń gba ẹ̀yìn ríro. Àmọ́ ká má parọ́ mọ́ ọ̀gá, ọmọọṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí àwọn oníbàárà bá gbọ́, wọn á máa wá àbùkù tí kò sí.

Fóònù olùkọ́ àgbà dún, ó bọ́ síta láti gbé e.

“Ó tó gẹ́ẹ́,” ọ̀gá sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Mo fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù yìí lé ọ lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi lé ẹni tí kò lè fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun mọṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Ẹ bá mi sọ fún wọn, mà.”

“N ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.”

Ó rẹ ọmọọṣẹ́ náà. Oorun a máa lé àárẹ̀ iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń gbé kiri yìí, kò sí oorun tó ràn án. Bí olùkọ́ àgbà ṣe wọlé padà, ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo gé ẹ̀wù tó wà lọ́rùn yín.”

“Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń bu omi fún mi?”

“Èmi ni, mà.” Ó nawọ́ sí èjìká ẹ̀wù náà. “Èjìká òsì yín lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e kó má baà hàn ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíì gé tuntun yìí, màá bá yín dì í padà.”

Olùkọ́ àgbà wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Olùkọ́ àgbà rọra fọwọ́ kan èjìká òsì ara rẹ̀.

“Ìyá tó bí mi nìkan ló sọ ìyẹn fún mi rí.”

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó nàró ṣánṣán láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ọmọọṣẹ́ náà mú téèpù, ó bọ́ síwájú rẹ̀.

“Ẹ má wulẹ̀ nàró, mà. Bí ẹ ṣe máa ń dúró nílé ni kẹ́ ẹ dúró.”