Ọjà Kérésì Ọlọ́nà Kan

Táyà iwájú àga Màámi há sára wáyà iná tó gba ilẹ̀ kọjá, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń ti Adúmáadán bí ẹni pé òun ló dá gbogbo ọjà náà dúró.

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́," ó wí fún ọkùnrin kan tó gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn. "Àgbàlagbà ló wà lórí àga yìí."

"Kì í ṣe èmi o," ọkùnrin náà dáhùn. "Wọ́n ń ti èmi náà ni."

Ọkọ Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá táyà náà mú, ó gbé e sókè, àga sì fò kọjá wáyà náà gbì. Màámi di apá àga mú.

"Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Eyín tó kù lẹ́nu mi ò ju mẹ́ta lọ. Ẹ má jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jà."

Ọ̀nà tó wà láàárín àwọn ìsọ̀ onípákó náà kò fẹ̀ ju ohun tí èèyàn mẹ́rin lè dúró sí ní ìbú. Okùn pupa lọ́tùn-ún, okùn pupa lósì, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun ya ọfà sílẹ̀, gbogbo wọn kọjú síwájú. Ẹ̀ṣọ́ tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ti sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹni tó bá ti wọlé, ó di ẹnu ọ̀nà kejì. A kì í padà sẹ́yìn níbí." Adúmáadán rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà jọ.

Adúmáadán ni orúkọ tí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí ìfẹ́ wọn ṣì tutù bí ewé òwúrọ̀. Màámi ni ìyá ọkọ náà. Láti ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ Màámi ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni ọwọ́ méjì Adúmáadán ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin. Yóò rán kọ́tìnnì fún òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, yóò sáré wálé lọ́sàn-án láti gbé Màámi wẹ̀ kó sì fún un lóògùn, yóò tún sáré padà lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Ẹni tó ń rán aṣọ fèrèsé, kò rí fèrèsé fi wo ìta. Ó ti fi èyí ṣe àwàdà títí àwàdà náà fi di kíkan lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́tà kan wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ilé eré orí ìtàgé kan ní ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ń fi wákàtí mẹ́rin dé ló kọ ọ́. Wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó wá ṣe ọ̀gá àwọn tó ń rán aṣọ àwọn òṣèré, fún ọdún méjì. Kó fi fóònù dáhùn kí agogo mẹ́rin tó lù lónìí, torí wọ́n fẹ́ ti ọ́fíìsì fún ọdún Kérésì; bí wọn ò bá gbọ́ nǹkan, wọ́n á pe ẹlòmíì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Màámi pè é láti balùwẹ̀. Nígbà kejì, fóònù ọkọ rẹ̀ dún, wọ́n ní lífìtì kan ti dúró pẹ̀lú èèyàn nínú, iṣẹ́ àtúnṣe lífìtì ló sì ń ṣe, ó di dandan kó lọ. Nígbà kẹta, oorun gbé ọkọ rẹ̀ lọ lórí àwo oúnjẹ, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjà Kérésì ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí Adúmáadán ń kà láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ tó le tí iná wínníwínní kì í rọ̀. Ọkùnrin á wo ojú obìnrin lábẹ́ iná, orin á máa dún lọ́ọ̀ọ́kán, á sì sọ pé, "Ibi tí ọkàn rẹ bá lọ, tèmi ń tẹ̀ lé e." Ó yan ọjọ́ ìsinmi ọkọ rẹ̀ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin pé kó wá jókòó ti Màámi. Nígbà tó di òwúrọ̀ yìí, àbúrò ọkọ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun. Ìrìn eléèyàn méjì bá di ti ẹni mẹ́ta àti táyà mẹ́rin.

"Kí ni wọ́n ń tà níbí gan-an?" Màámi bèèrè.

"Ọṣẹ ni, Màámi. Àbẹ́là. Fìlà onírun àgùntàn."

"Ọṣẹ." Màámi ronú sí i díẹ̀. "A fi ọṣẹ sílẹ̀ nílé, a wá ń wo ọṣẹ."

Ọkùnrin oníbáàgì náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Ọkọ Adúmáadán náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tí oorun ń kùn ni. "Sọ òótọ́ fún mi, Adúmáadán. Ṣé ohun tí a wá wò yìí tó ohun à ń wá wò? Ǹ bá ti máa sùn báyìí."

"Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí àwọn ẹṣin onígi ń yí po. Wọ́n ní ibẹ̀ ló rẹwà jù."

Wọn ò dé ibẹ̀. Èrò iwájú dúró, èrò ẹ̀yìn kò sì dáwọ́ wíwá dúró, títí gbogbo ọ̀nà náà fi kún dẹ́múdẹ́mú bí àpò tí wọ́n rọ kọjá ẹnu. Ẹ̀ṣọ́ kan gun àpótí, ó pariwo pé wọ́n fẹ́ tan iná igi Kérésì ńlá ní agogo mẹ́rin, pé àwọn èèyàn ti di ojú ọ̀nà pa níbẹ̀, èrò kò sì ní rìn títí dìgbà náà.

Adúmáadán wo fóònù rẹ̀. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì.

Obìnrin kan tó gbé ọmọ tó ń sùn sí èjìká ń mí sí i létí ọ̀tún. Ìsọ̀ tó wà lósì ń ta ẹṣin kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́, gbogbo wọn ranjú mọ́ ọn. Kò sí iná wínníwínní kankan lókè ibi tí wọ́n dúró sí. Gílóòbù ìsọ̀ náà ti jó. Orin kan náà ló sì ń dún láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

"Ọkọ mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọ sọ."

"Níbí?"

"Níbí."

Ó yọ lẹ́tà náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ kò ráyè na ọwọ́ síwájú dáadáa. Orí irun Màámi ló tẹ́ ẹ sí tó fi kà á. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ọjọ́ wo lèyí dé?"

"Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá."

"O sì ń gbé e kiri."

"Mò ń wá ibi tí o ti máa gbọ́ mi."

Ọkọ rẹ̀ ká lẹ́tà náà padà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó dùn, ó tutù bí omi inú àmù. "Ó dáa. Mí sínú. Mí síta. Má fọwọ́ kan nǹkan kan ná. Ká jáde níbí, ká délé, a máa wò ó. Kí lo jẹ láàárọ̀? Mo mọ̀ pé o ò jẹun tó dáa."

Adúmáadán mọ ohùn náà. Ọdún méje sẹ́yìn, lífìtì òtẹ́ẹ̀lì dúró láàárín àjà kejì sí ìkẹta, òun nìkan ló wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìdì aṣọ kọ́tìnnì mẹ́ta, ohùn yìí gan-an ló sì gba àárín ilẹ̀kùn wọlé bá a. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kí lẹ jẹ láàárọ̀? Ogójì ìṣẹ́jú ló fi gbọ́ ọ kó tó rí ojú ẹni tó ni ín, nígbà tí ilẹ̀kùn sì máa ṣí, ìfẹ́ ti pa á tán. Ó ti sọ ìtàn náà fún gbogbo aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló là á yé e lẹ́yìn ìgbéyàwó pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn níṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá há, mú ọkàn rẹ̀ kúrò lórí pé ó há, má jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn títí irinṣẹ́ á fi dé, kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Nígbà yẹn, ó kàn rò pé iṣẹ́ aláàánú ni.

"Ohùn lífìtì lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀," ó wí.

"Kí ló ń jẹ́ ohùn lífìtì?"

"Èyí tí o fi ń bá ẹni tó há sọ̀rọ̀. Mi ò béèrè pé kí o tù mí nínú. Mò ń sọ fún ọ pé iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́, àti pé agogo mẹ́rin ni gbèdéke rẹ̀."

Obìnrin tó gbé ọmọ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ kò sí ibi tó lè gbé etí rẹ̀ lọ.

"Ọdún méjì," ọkọ rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà wàyí. Ó ti di ti èèyàn lásán, ó gbẹ, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. "Wákàtí mẹ́rin. Ta ni yóò wà nílé? Ta ni yóò máa gbé Màámi wẹ̀? Ṣé o ti rò ó débẹ̀?"

"Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń rò ó. Ìwọ ni mo fẹ́ kó rò ó."

"Ní àárín ọjà? Lójú gbogbo ayé?"

"Nílé, o máa ń rí ibi kan sá lọ."

Ọkọ rẹ̀ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Báàgì, èjìká, fìlà, okùn pupa. Kò sóhun tó dún nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ bi ẹni tí ẹ gbé lẹ́tà lé lórí náà," Màámi wí láti ìsàlẹ̀. "Orí mi kì í ṣe tábìlì."

"Màámi, ẹ má bínú," Adúmáadán wí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin, àmọ́ kò sáàyè; ó kàn tẹ orí ba ni. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ sá fún yín."

"Mo mọ̀. Mi ò sì ní purọ́ fún ọ, ìyàwó mi. Mi ò fẹ́ kí o lọ. Ọwọ́ rẹ rọ̀. Ọwọ́ ọmọ mi obìnrin, bí ẹni fi kànìnkànìn gbígbẹ họ ìkòkò ni." Ọkùnrin oníbáàgì náà kò mí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni mo bí."

Ọmọ orí èjìká yẹn sín, ó tún sùn lọ.

"Màámi," ọkọ Adúmáadán wí.

"Má pè mí. Èmi ò níṣẹ́ kankan tí mo fẹ́ gbà. Aya rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta. Adúmáadán dúró dè é. Ó dúró de gbólóhùn inú ìwé ìfẹ́ náà, pé ọkàn mi ń tẹ̀ lé tìrẹ. Ó gbà pé bí kò bá tiẹ̀ pé, bó jẹ́ ìdajì rẹ̀, òun á fi ṣe odindi. Ọkọ rẹ̀ ní, "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

Ó jẹ́ ohun tó jẹ́ òótọ́ jù lọ tó ti sọ fún un láti bí oṣù mẹ́ta. Kò rẹwà. Kò sí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Àmọ́ ó yà á lẹ́nu pé ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n tú ìdí okùn tí wọ́n ti dì fún ọjọ́ pípẹ́. Ó wá yé e pé òun lè dúró títí iná igi ńlá á fi tàn, tí á tún kú, kò sí ẹni tó máa bá òun fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà.

Ó tẹ nọ́ńbà náà. Ó ń dún. Ó ń dún. Obìnrin kan gbé e.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi aránṣọ tí ẹ kọ̀wé sí ni."

"Ta ni? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, orin ń dún níbi tẹ́ ẹ wà, mi ò gbọ́ yín."

"Mo ní èmi aránṣọ yẹn ni."

"Ẹ tún un sọ. Ṣé ẹ gba iṣẹ́ náà àbí ẹ ò gbà á? À ń tìlẹ̀kùn."

Adúmáadán wo ọkọ rẹ̀. Kò yíjú kúrò, kò mirí, kò kọ̀ fún un. Ó kàn dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ẹ̀yìn àga ìyá rẹ̀.

"Mo gbà á," ó wí, ó sì ké e débi pé obìnrin tó gbé ọmọ yí orí padà, ẹni tó ń ta ẹṣin onígi gbé ojú sókè, ọkùnrin oníbáàgì sì wo bàtà ara rẹ̀. "Iṣẹ́ náà, mo gbà á. Màá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun."

Ó fi fóònù sápò. Ibi kankan kò sí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí ariwo fi sọ níwájú, tí ìmọ́lẹ̀ sì gun òkè àwọn ìsọ̀ náà. Láti ibi tí wọ́n wà, wọn ò rí igi náà, àyàfi bí ojú àwọn ẹlòmíì ṣe ń mọ́lẹ̀.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ díẹ̀díẹ̀. Adúmáadán na ọwọ́ sí àga, àmọ́ ọkọ rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Adúmáadán bá bọ́ síwájú wọn, ó ń la ọ̀nà, ó ń wí pé, "Ẹ yàgò díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ní ìlú onílùú.

"Màámi, omi tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀, ṣé gbígbóná lẹ fẹ́ ni, àbí lílọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Bi mí nílé," Màámi wí. "Èèyàn ń gbọ́."