Ewúrẹ́ Jẹ Ilasa Màmá Akínladé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ìyàwó tuntun kan ṣe kó ọbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ fún ewúrẹ́ jẹ.

Lọ́dún 1964 tí Edith fẹ́ Akínladé, bọ́lẹ̀kájà gbé wọn láti Abẹ́òkúta lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú ọkọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Edith, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì dé ibẹ̀ rí. Ó di búrẹ́dì àti ẹja inú agolo dání, kí ebi má baà pa á. Màmá Akínladé rí agolo náà. Látìgbà náà, "àlejò wa" ló ń pè é. Ẹ fún àlejò wa lómi. Ẹ gbé àga fún àlejò wa. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Edith wọra. Ìyàwó ló fẹ́ kí wọ́n pe òun.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó lọ bá Màmá nídìí ààrò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí ni kí n bá yín ṣe?"

"Jókòó jẹ́ẹ́, àlejò wa."

"Mi ò ní í jókòó, mà."

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. "Ó dáa. Lọ já ilasa wá lẹ́yìnkùlé."

Edith kò gbọ́ ilasa rí láyé, ojú sì ń tì í láti béèrè. Ìgbà tó rí ilá tó dúró gàgàrà lẹ́yìnkùlé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe ilá níbí nìyẹn! Ewé ló bo àwọn ọmọ ilá náà, ló bá ń já ewé dànù kó lè ríran, ó ń jù ú sí ewúrẹ́ méjì tó wà létí ọgbà. Ó wá gbé ìwọ̀nba ilá tó rí wọlé, bí ọmọ iléèwé tó gba ẹ̀bùn.

Màmá wo inú igbá, ó wo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn igi ilá wà ní ìhòòhò.

"Ilasa mi dà?"

"Òun nìyí, mà."

"Ewé ńkọ́?"

"Mo... mo kó o fún ewúrẹ́, mà."

"Háà! Ewé yẹn ni ilasa! Ọbẹ̀ tí mo fẹ́ sè fún ọ ló wà níkùn ewúrẹ́ yẹn!"

Omijé lé ròrò sójú Edith. Ó ti bà á jẹ́ tán nìyẹn. Àfi bí Màmá ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó fọwọ́ di ikùn mú.

"Ewúrẹ́ mi lo wá ṣe lálejò! Dìde, ká lọ tọrọ lọ́wọ́ Ìyá Búrẹ́mọ̀."

Ìyá Búrẹ́mọ̀, aládùúgbò wọn, rẹ́rìn-ín títí kó tó já tirẹ̀ fún wọn. Màmá rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó sè é, ó fi ẹ̀gúsí àti irú sí i. Edith fi láfún gbígbóná jẹ ẹ́ títí ó fi lá ọwọ́. Kò sẹ́ni tó rántí ẹja inú agolo. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sí Èkó, ó tọrọ hóró ilá, Màmá sì dì í sétí aṣọ fún un. "Ó dàbọ̀ o, àlejò wa."

Lọ́dún kejì, Màmá wá sí Èkó láti wẹ ọmọ tuntun. Ó rí àwọn bàsíà jíjò lẹ́yìnkùlé, ilá wà nínú wọn, kò sí ewé lórí rẹ̀.

"Ewúrẹ́ Èkó náà ń jẹ ilasa ni?"

"Èmi ni ewúrẹ́ náà, mà. Ilasa náà wà nínú ìkòkò."

Màmá kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi," ó ní, "bu tèmi wá."

Tinúkẹ́, ọmọ tí wọ́n wá wẹ̀ nígbà náà, ló sọ ọ́ fún mi. Ẹnu Edith ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.