Ìkòkò Tápe Wartinah

"Ọwọ́ rẹ ò dáa." Ohun tí ọkàn Wartinah ń sọ fún un nìyẹn láti ọjọ́ ogójì ikú ìyá rẹ̀, nígbà tí tápe tó sè fún àwọn àlejò, ìrẹsì tí a ń fi ìwúkàrà sọ di adídùn, di kíkan gógó. Lábúlé wa, bí a bá ń bu ìwúkàrà sí ìrẹsì tápe, a kì í sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bínú kì í sì í sún mọ́ ọn, kó má bàa kan. Wartinah sì bá ìyá rẹ̀ jà lọ́sẹ̀ tí ìyá náà kú. Ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kò tilẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta náà sì ni tápe ń lò kó tó dùn. Bí kò bá sè é lónìí, ilé ìyá rẹ̀ kò ní ní tápe lọ́dún yìí. Ó sáré se ìrẹsì, ó gbé e lọ bá Karsih, àbúrò ìyá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi bu ìwúkàrà sí i. Ọwọ́ mi ń ba nǹkan jẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkàn mi ni."

"Ẹ̀rí ẹ̀ dà? Ìkòkò mélòó lo ti sè láyé ẹ?"

"Á tó ogún."

"Mélòó ló kan?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan yẹn ló wá di baálé ilé. Èmi àti ìyá ẹ ò kíra wa fún ọdún kan gbáko, tápe mi sì ń dùn. Kí lo ṣe lọ́jọ́ tó o sè é?"

Wartinah ronú. "Òjò ti ṣú, mò ń kánjú. Ìrẹsì yẹn ṣì ń gbóná nígbà tí mo bu ìwúkàrà sí i."

"O ò rí i? O fi ooru pa ìwúkàrà, o wá ń di ẹ̀bi ru ara ẹ." Karsih pòṣé. "Má gbé iṣẹ́ ẹ fún mi o. Abẹ̀bẹ̀ nìyí."

Wartinah fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ìrẹsì náà títí ó fi tutù, ó sì bu ìwúkàrà sí i láìsọ̀rọ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sùn, Wartinah á bi í léèrè pé: ẹ̀rí ẹ dà? Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bi í.

Láàárọ̀ ọdún, kò tíì ṣí ìdérí tí ọkàn rẹ̀ fi ní ó ti kan.

"Dúró," ni Wartinah wí fún un. "Jẹ́ kí n tọ́ ọ wò ná."

Ó dùn.

"Ta ló sè é?" Karsih bi í lójú àlejò, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Èmi ni, Àǹtí. Ọwọ́ mi yìí náà ni," ni Wartinah wí, ó sì ń bù fún wọn.