Lachma Kò Lẹ́sẹ̀

Ọmọlangidi ni Lachma. Igi máńgòrò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò sì lẹ́sẹ̀ rárá, yẹ̀rì pupa gígùn ló wà níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Síbẹ̀, kò sí abúlé tí Mohru ti fi okùn mú un jó ní gbogbo ẹkùn Nagaur tí àwọn èèyàn ò ti búra pé àwọn rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní àwọn rí làálì níbẹ̀.

Kesar, ìyàwó Mohru, mọ ohun tó fà á. Òun ló ń lùlù, òun náà ló so ṣaworo mọ́ ọrùn ọwọ́. Bí etí yẹ̀rì bá ti ń kanlẹ̀ báyìí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ba awọ ìlù. Ojú rí i, etí gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Igi ti di èèyàn nìyẹn. Àtìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń ṣe é, àwọn méjèèjì ò sì sọ ọ́ síra wọn rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ilé Thakur, olóyè onílẹ̀ àdúgbò náà, ilé tí àwọn baba Mohru ti ń ṣeré fún kí wọ́n tó bí i, àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó ti tíì. Ọ̀kan ní, “Ìyàwó wa mà mọ ìlù ú lù o!”

Mohru rẹ́rìn-ín. “Ìlù wo? So ewúrẹ́ mọ́ korobá, bó bá tàpá, á lù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka tèmi yìí ni iṣẹ́ wà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà nù. Kesar fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé àkàrà ọkà síwájú wọn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà dáadáa.

Nígbà tó di ọ̀sán, tí àgbàlá Thakur kún dẹ́nu, Kesar mọ̀ọ́mọ̀ dá ọwọ́ ìlù dúró díẹ̀. Kò ju ìgbà téèyàn ṣẹ́jú lọ. Yẹ̀rì kanlẹ̀, ìlù wá tẹ̀ lé e.

Ìyá àgbà kan pariwo, “Ẹ gbà mí! Kò mà lẹ́sẹ̀! Àkísà ni wọ́n ń wọ́ nílẹ̀!”

“Mohru,” ẹlòmíì ní, “ṣé o wá bá wa gbálẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín sọ. Mohru ń fi okùn sáré lé ìlù. Ẹ̀rù ba Kesar, ó fẹ́ bá a ṣe déédéé, òun náà ń sáré lé okùn, wọn ò pàdé mọ́. Okùn lọ́ pọ̀. Lachma dojú bolẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Mohru ní, “Ìyá Dhapu, ìka mi ti kú. Mò ń fi fa okùn, kò yá. Bíi pé inú ẹrẹ̀ ló wà.”

Ó yẹ kí Kesar jẹ́wọ́ nígbà náà. Ìlù ló gbé kọ́ èjìká, ó ń tẹ̀ lé e lọ.

Ilẹ̀ mọ́, Mohru wẹ̀, ó wé láwàní tó mọ́, ó gbé Lachma, ó kọrí sí adágún. Ọmọlangidi tó bá gbó ni wọ́n ń fi fún omi. Bó bá léfòó pẹ́, a jẹ́ pé ó ṣeré dáadáa láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ojú Lachma ṣì ń dán. Kesar gbé ìlù sábẹ́ aṣọ, ó sáré tẹ̀ lé e.

“Bàbá Dhapu, ṣé Lachma ti gbó ni?”

“Èmi ni mo gbó. Ẹni tí ìka rẹ̀ kú, kí ló fẹ́ fi okùn ṣe? Màá lọ máa ru bíríkì.”

Àwọn obìnrin ń fọṣọ létí omi. Mohru bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé Lachma lé omi.

“Ẹ dúró! Ìka yín kọ́. Èmi ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlù falẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.”

Mohru mi orí. “O ń tù mí nínú ni. Ṣé èmi ò mọ ìka ara mi ni? Mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe wúwo.”

Kò sí ọ̀nà mìíràn fún Kesar àfi kó tún ìwà ìtìjú náà hù, lójú gbogbo ayé. “Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jó kó tó lọ.”

Ó lù ú déédéé. Lachma yí, àwọn obìnrin dáwọ́ aṣọ dúró. “Wo ẹsẹ̀ ẹ̀! Wo ẹsẹ̀ ẹ̀!” Kesar wá fi ìlù falẹ̀.

“Ó tún ti dé!” Mohru kígbe. “Ó tún ti wúwo!”

Ó lù ú déédéé. Ìka fúyẹ́. Ó fi falẹ̀. Ìka di òkúta. Mohru dúró. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ohun tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò.

“Ṣé ọwọ́ rẹ ni ìka mi ti wà látọjọ́ yìí?”

Kesar gbé ìlù sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. “Háà! Ìyàwó Mohru! Ìwọ lo fi ọkọ rẹ ṣẹ̀sín nílé Thakur?”

Kesar fa ìbòjú dé àgbọ̀n. Kò gùn tó. Ì bá wù ú kí Mohru bú òun. Mohru kàn wé Lachma sínú aṣọ, ó ṣíwájú, kò wẹ̀yìn.

Wọ́n tún ń ṣeré báyìí, àwọn èèyàn sì tún ń rí ẹsẹ̀. Àmọ́ kí Lachma tó gbé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, á dúró díẹ̀, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mohru ló ń tẹ́tí, bóyá ìlù máa wá.

Àwọn èrò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. “Ẹ wo bó ṣe ń ronú kó tó jó! Èèyàn gidi ni!” Wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Kesar á sọ ọwọ́ kalẹ̀ ní àkókò gẹ́ẹ́, lábẹ́ ìbòjú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í rí ojú rẹ̀.