Góòlù Tí Bàrákátù Fi Tọrẹ

Láti ọdún tó kọjá ni Bàrákátù ti ń gbé e kiri lọ́kàn pé òun lòun fi góòlù ta Àmínátù lọ́rẹ. Ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni bàbá àwọn méjèèjì, ní Ẹ̀jìgbò, àmọ́ Àbíjàn ni wọ́n bí Àmínátù sí, òun sì ni ẹ̀gbọ́n.

Ìdíje júdò ti ọdún 1992, ní Kútọnú, ló kó wọn pàdé. Bàrákátù ń jà fún Nàìjíríà, Àmínátù ń jà fún ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ta ló fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ayé, kí ilé gbọ́? Bí Àmínátù ṣe gbá a lọ́rùn aṣọ mú, Bàrákátù dẹra. Ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, ìjà àṣekágbá parí, góòlù di ti Àmínátù. Kóòṣì yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀, ó padà sílé, kò sì bínú. Inú rere a máa dùn mọ́ ẹni tó ń ṣe é, àgàgà tó bá ń dá sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Nígbà Iléyá, Àmínátù wálé. Bàrákátù kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Àmínátù ju aṣọ júdò kan sí i.

“O dẹra fún mi ní Kútọnú. Ọwọ́ mi ni ọrùn aṣọ rẹ wà, mo mọ̀ ọ́n lára.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ṣé kí n wá là yín mọ́lẹ̀ ni?”

“Ta ló bẹ̀ ọ́? Bí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ojú ló ń tì mí. Alé, ó yá! Dìde, wọ̀ ọ́.”

Orí iyanrìn tí bíríkìlà kó síwájú ilé tí bàbá Àmínátù ń kọ́ lọ́nà Máṣífà ni wọ́n ti dira mú. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàrákátù ja gbogbo ìjà tó mọ̀. Ó fà á, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Àmínátù yẹ̀ ẹ́, ó wọlé sábẹ́ apá rẹ̀, ó sì gbé e ré ìbàdí kọjá. Bàrákátù dìde pẹ̀lú ìbínú. Ó tún ṣubú. Ó tún dìde, ó tún ṣubú.

Níbi tó nà sí, iyanrìn lẹ́nu rẹ̀, ló ti wá yé e pé kò sí ohun kankan lọ́wọ́ òun láti fi tọrẹ. Ó gbójú sókè, ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹkún ni Àmínátù ń sun.

“Ó mà ṣe o,” ni Àmínátù wí. “Ǹ bá ti fúnra mi jẹ góòlù yẹn. O ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́.”