Bí Harold Ṣe Kọ́ Káráàtè Nítorí Àgbò

Ẹ̀rù àgbò ló gbé Harold Adélékè dé ìdí káráàtè. Òun kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn o. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun fẹ́ kí ara òun le ni, pé ìjókòó ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ akọ̀wé tí òun ń ṣe l'Ódògbolú. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò wọn n'Íjẹ̀bú-Òde ló mọ̀ pé àgbò Àlàájà Mùínátù, aládùúgbò rẹ̀, ti sọ ọ́ di ẹni tí ń gba ojú fèrèsé wọ ilé ara rẹ̀.

Lọ́dún 1985 ni. Àlàájà ti ra àgbò náà sílẹ̀ de Iléyá, ó sì ń kẹ́ ẹ bí ọmọ. Kì í da ẹnikẹ́ni láàmú àfi Harold. Bó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò ìjàpá rẹ̀ báyìí, á dìde, á gbọnra nù, á wá dúró dè é.

"Inú fùfù yín ni àgbò yẹn ń rí, Bàbá Mojí," Helen ìyàwó rẹ̀ a máa wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń bá rédíò jà!"

Òótọ́ ni. Bí rédíò bá sọ ohun tí kò tẹ́ Harold lọ́rùn, á pariwo mọ́ ọn títí á fi pa á.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan lọ́nà Ìjagun ni Gbàdàmọ́sí ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní káráàtè nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré sí Harold lọ́jọ́ orí, kì í sì í gbóhùn sókè. Àpò ìyẹ̀fun ni Helen fi rán aṣọ funfun tí Harold wọ̀ lọ. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, "50 kg" ò kúrò ní ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kọ́?" Gbàdàmọ́sí bi í.

"Ìpá títa," ni Harold wí. "Èyí tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa jẹ tí kò ní dìde mọ́."

Gbàdàmọ́sí wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ dijú, kí ẹ máa mí."

Harold jókòó, ó dijú, ó sùn lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, àwọn tó kù rò pé oríṣi mímí kan tó jinlẹ̀ ni. Làwọn náà bá ń hanrun tẹ̀lé e.

Díẹ̀ díẹ̀, ó kọ́ ìpá, ó kọ́ ẹ̀ṣẹ́, ikùn rẹ̀ sì fà. Ó wá rò ó pé ọjọ́ ti pé. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó di bẹ́líìtì, ó jáde sí àgbò. Àdúgbò pé wò ó. Gbàdàmọ́sí ti kọ́ wọn pé kéèyàn tó bá ẹnikẹ́ni jà, kó kọ́kọ́ tẹrí ba fún un. Harold bá tẹrí ba.

Lédè àgbò, "ó yá, ká forí kan ara wa" nìyẹn.

Inú ọpọ́n aṣọ tí Àlàájà rẹ sínú ọṣẹ ni wọ́n ti fà á yọ.

Nígbà tó rò ó fún Gbàdàmọ́sí, ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó sọ̀ nínú mọ́tò lẹ ti ń bá ẹran yìí jà lọ́kàn yín. Ọkàn yẹn ni ká kọ́kọ́ kọ́ ní ìdúró."

Harold padà sídìí mímí, kò sì sùn mọ́. Kò pẹ́ tí rédíò fi ń sọ tirẹ̀ láìsí ẹni tó dá a lóhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè gbàdúrà gígùn láìwo aago. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ìdí káráàtè dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbàgbé pátápátá láti bẹ̀rù. Àgbò sáré wá. Harold dúró, ó ń mí. Àgbò náà dúró, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀.

"Bàbá Mojí, ẹ ò sá?" Àlàájà kígbe.

"Mi ò sá, Àlàájà. Mò ń mí ni."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti dọ̀rẹ́. Harold á máa há èèpo iṣu sí i lẹ́nu, á máa ròyìn ọ́fíìsì fún un.

Iléyá dé. Àlàájà fi ẹran àgbò náà ránṣẹ́, Helen dín in, ṣùgbọ́n Harold kàn jókòó ti àwo ni. Nígbà tí Àlàájà gbọ́, ó wá fúnra rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ò fọwọ́ kan ẹran."

"Ó ń dùn mí, Àlàájà."

"Ó ń dun èmi náà." Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ kọ́ mi ní mímí yẹn."

Àwọn méjèèjì bá dijú, wọ́n ń mí jẹ́jẹ́, títí ara fi rọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa lajú, Mojí ti jẹ ẹran náà tán.