Ibi Tí Lateefat Ń Wò

Lateefat tẹ́ lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan.

"Bàbá, kí ni èyí túmọ̀ sí? Gbogbo ìyókù ló yé mi."

Ìbíkúnlé kò nílò awò ojú rẹ̀. Sheepish ni ọ̀rọ̀ náà, òun gan-an ló sì kọ ọ́. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó fi ọ̀rọ̀ wá ọmọbìnrin náà lẹ́nu wò lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n wá páálí òwú tì ní sítọ́ọ̀ tó ń tọ́jú ní ilé iṣẹ́ wọn ní Ìlúpéjú. Ọláṣẹ́gun, ọ̀gá àgbà, kò sí níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ló kà, ọ̀rọ̀ kan yìí ló dì mú, òun ló sì kọ sínú lẹ́tà tó fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìbíkúnlé ṣàlàyé láìfi ọ̀rọ̀ ṣòfò: ara àgùntàn ni àwọn Òyìnbó ti fà á yọ, ẹni tó mọ̀ pé òun ti ṣe ohun tí kò yẹ, tí ojú sì ń tì, ni wọ́n ń lò ó fún.

"Àgùntàn kì í jalè, Bàbá," ni Lateefat wí. "Ewúrẹ́ ni." Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà mẹ́ta lẹ jókòó síwájú mi, èmi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ibo lẹ fẹ́ kí n máa wò? Ká ní mo tẹjú mọ́ yín ni, kí lẹ ò bá kọ?"

Ìbíkúnlé mọ ohun tí òun ì bá kọ: aláfojúdi. Òun náà ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Mushin pé a kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí ló ń wá. Inú rẹ̀ sì dùn nígbà tó rí i.

Ó gbéra, ó lọ bá Ọláṣẹ́gun pé òun fẹ́ tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Ọláṣẹ́gun rán an létí pé ó ku oṣù mẹ́rin péré kó fẹ̀yìn tì.

"Bàbá, ọdún méjìlélógún lẹ ti ń kọ̀wé níbí, ẹnikẹ́ni ò yẹ ọ̀rọ̀ yín wò rí. Tẹ́ ẹ bá ní irọ́ lèyí, ojú wo la ó fi wo ìyókù?"

"Ojú tó bá yẹ ẹ́ ni, Ọ̀gá. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ."

Nígbà tó padà, Lateefat ti lọ. Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ló fi sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ìbíkúnlé ṣí fáìlì. Ó fa ìlà kan ṣoṣo gba orí ọ̀rọ̀ náà kọjá, kí ẹni tó bá fẹ́ lè ṣì kà á. Ó kọ sókè rẹ̀ pé ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún sábẹ́ rẹ̀, ó fi déètì sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé fáìlì, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó tún gba ọ̀nà ọ́fíìsì Ọláṣẹ́gun lọ.